Ìka Tó Dúró Lórí Fọ́tò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Onífọ́tò ṣe pàdé obìnrin tó gba oorun lójú rẹ̀, kó má wulẹ̀ bi ọkùnrin náà, torí kò ní sọ. Ẹni tó lè sọ fún ọmọ ọdún kan pé kó jókòó jẹ́ẹ́ níwájú kámẹ́rà, kí ọmọ náà sì jókòó, tó bá ti kan ọ̀rọ̀ obìnrin, ahọ́n rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ìyá Onídìrí tó ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tirẹ̀ ni yóò sọ fún yín, yóò sì bù kún un. Èmi ò ní bù kún un. Bó ṣe rí gan-an ti wúwo tó.

Ọdún tí ìjọba sún ìdìbò síwájú lẹ́ẹ̀kẹta ni. Àwọn tíṣà ló kọ́kọ́ jáde, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tẹ̀lé wọn, nígbà tó sì fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó lè mọ iye èèyàn tó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Onífọ́tò kọjá lọ sí gbàgede ìlú. "Ìbò wa dà?" ni wọ́n ń pariwo. Onífọ́tò kì í ṣe olóṣèlú. Ó ní tòun ò ju pé kí iná má lọ nígbà tóun bá ń fọ fọ́tò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ jù, ó gbé kámẹ́rà gun àtẹ̀gùn ilé òkè, ó na ọrùn, ó sì ń yà wọ́n.

Ìgbà tó wọ yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò, ó ki bébà bọ inú omi oògùn, ó ń mì í díẹ̀díẹ̀, àwọn ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára bébà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú kan wà láàárín. Obìnrin kan ni, ó gbé orí sókè, ó ń kígbe, èjí rẹ̀ hàn, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́kùnrin gíga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gbé gbohùngbohùn lé èjìká, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ẹ̀rín tiẹ̀ sì ti dé etí. Obìnrin yẹn ni Onífọ́tò wò títí bébà fi fẹ́ dúdú jù nínú omi. Kò ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí látọjọ́ tó ti gba fíríìdọ́mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Bí àwọn onífọ́tò ṣe ń ṣe ni pé èyí tó bá dára jù nínú iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń gbé sẹ́yìn gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Odindi ọdún méjì ni fọ́tò ìyàwó ojú ọ̀nà kan ti wà níbẹ̀, ìyàwó tó ti bímọ méjì báyìí. Onífọ́tò yọ ọ́, ó fẹ fọ́tò ìwọ́de náà títí ó fi tóbi bí ojú tábìlì, ó sì gbé e síbẹ̀.

Ìyá Onídìrí jáde wá wò ó, ó ń fi ìdí kóòmù họ orí. "Nínú gbogbo ohun tó wà láyé, ariwo lo wá fi ṣe ọ̀ṣọ́?"

"Iṣẹ́ tó dáa ni, Mà."

"Mo rí iṣẹ́ tó dáa. Iṣẹ́ náà ní èjí."

Ọjọ́ kẹrin ni obìnrin inú fọ́tò náà fúnra rẹ̀ ya wọ ṣọ́ọ̀bù, báàgì ìwé ní èjìká.

"Ta ló ni ibí yìí?"

"Èmi ni. Ẹ káàbọ̀. Ṣé pásípọ́ọ̀tù ni?"

"Ẹ ti ya pásípọ́ọ̀tù mi ná, ẹ sì ti gbé e síta fún gbogbo ayé. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àwọn rí tíṣà àwọn níbi tó ti ń ya ẹnu bí ẹni tí wọ́n jí adìyẹ rẹ̀ gbé."

Jìnnìjìnnì mú Onífọ́tò. "Ẹ má bínú. Mo máa yọ ọ́ báyìí."

Tíṣà yíjú padà, ó wo gíláàsì náà fún ìgbà díẹ̀. "Ta ló ní kí ẹ yọ ọ́?" ó ní. "Mo kàn béèrè ẹni tó ni ibí ni."

Lọ́jọ́ kejì, ó mú àbúrò rẹ̀ wá kó wá wo ara rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pe ọmọkùnrin náà, torí gíga tó ga tí kò sanra. Rédíò ló ń tún ṣe, ní iwájú ilé ìyá wọn lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́, ó ti tú ẹ̀yìn rédíò Onífọ́tò tó ti dákẹ́ láti ọdún tó kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, rédíò yín ò bàjẹ́," ó ní. "Ó kàn ń bá yín bínú ni." Nígbà tí Tíṣà lọ kí Ìyá Onídìrí, ọmọkùnrin náà sún mọ́ Onífọ́tò. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yẹn ò fẹ́ràn ọkùnrin aláròyé. Ẹ ti yege níbẹ̀. Ó kù kí ẹ yanu."

Onífọ́tò yanu. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ò sì ju mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Tíṣà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́jọ́ kejì, kó tó wá sọ pé òun náà gbà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí fọ́tò náà ti wà níta ni ọkùnrin méjì wọlé lọ́sàn-án gangan. Ṣẹ́ẹ̀tì wọn mọ́, ọ̀kan fi bírò há àpò àyà.

"Fọ́tò yìí mà ga o," ni oníbírò wí. "Ìwé ìròyìn wo ló ti gbé e jáde?"

"Kò tíì sí, sà."

"Á jẹ́ pé wọn ò mọ ohun tó dáa. Fọ ọ̀kan fún wa."

Onífọ́tò gbà pé oníwèé ìròyìn ni wọ́n. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Òun ló sọ ọ́ fún ara rẹ̀, torí ohun tó wù ú kó jẹ́ òótọ́ nìyẹn. Ó fọ ọ̀kan, ó lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ kedere, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú wọn. Oníbírò fi ìka lé ojú obìnrin tó wà láàárín.

"Ta lèyí?"

"Tíṣà kan ni."

"Tíṣà ilé ìwé wo?"

Onífọ́tò rẹ́rìn-ín, kò dáhùn. Ìka náà ò kúrò. Èékánná rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Ibo ló ń gbé?"

Nǹkan kan tutù nínú Onífọ́tò. Kò mọ ohun tó jẹ́, kò sì dúró wádìí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé òun ò fẹ́ kí ìka yẹn wà lójú obìnrin òun mọ́. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre," ó ní, ó sì fa fọ́tò náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Èyí ni kí ẹ wò. Àbúrò rẹ̀ ni. Òun ló ń gbé gbohùngbohùn káàkiri, tó bá bàjẹ́, òun náà ló ń tún un ṣe. Iwájú ilé ìyá wọn ló ti ń tún rédíò ṣe, lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ o!"

Ìka náà ṣí kúrò, ó lọ dúró lójú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Oníbírò yọ bírò, ó kọ nǹkan kan. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Ara Onífọ́tò fúyẹ́, ó sì ń súfèé títí ó fi pa ṣọ́ọ̀bù dé.

Ọjọ́bọ̀, nídàájí, ni wọ́n wá mú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ṣọ́jà ya wọ gbàgede. Wọ́n kọ́kọ́ yin tajútajú, kí wọ́n tó wá yin ìbọn, nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, bàtà ló kù sílẹ̀ káàkiri títì, ọ̀tún láìsí òsì. Wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé. Ìgbà tí wọ́n gba èèyàn láyè láti jáde díẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ohùn rẹ̀ ti há pátápátá.

"Wọ́n mú fọ́tò kan lọ́wọ́," ó ní. "Màmá rí i. Wọ́n fi pẹ́ńsù pupa yí ojú àbúrò mi po." Ó wo gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. "Fọ́tò wa dà?"

"Mo ti yọ ọ́. Nítorí ewu."

Tíṣà fi orí lé e láyà. "O ṣeun," ó ní. "O ṣe ohun tó dáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí Onífọ́tò sùn. Ó ti fa fọ́tò ńlá náà ya. Fíìmù rẹ̀ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ò lè bàjẹ́, torí pé ojú Tíṣà wà níbẹ̀. Ó fi sínú agolo bisikíìtì, ó gbé agolo náà sókè pẹpẹ nínú yàrá òkùnkùn.

Bí ìfẹ́ àwọn méjèèjì ṣe wá jinlẹ̀ nínú ọ̀fọ̀ náà, ó ya Onífọ́tò gan-an lẹ́nu. Ní oṣù àkọ́kọ́, Tíṣà kàn ń wá jókòó ni, kì í sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹta, ó ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lórí tábìlì Onífọ́tò. Ní oṣù karùn-ún, ó sọ ọ́ láìgbójú sókè nínú ìwé: "Tí mi ò bá rí ọ lójúmọ́, mi ò ní lè mí." Ohun tí Onífọ́tò ti ń fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ó ní òun ń bọ̀, ó wọ yàrá òkùnkùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri.

Yàrá yẹn gan-an ni wàhálà wà. Bébà yòówù kó kì bọ omi, ìbáà jẹ́ pásípọ́ọ̀tù akọ̀wé báǹkì, ìbáà jẹ́ ọmọ jòjòló, kí ojú kankan tó yọ ni ọkàn rẹ̀ ti ń dúró de ojú kan tó ní irùngbọ̀n tútù. Nígbà míì, ó máa ń dá a lójú pé òun rí i tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ omi, á sì fi ọwọ́ bo bébà náà títí ẹni tó ni ín á fi yọ. Ó wá di pé kò fẹ́ kí oníbàárà rẹ́rìn-ín níwájú kámẹ́rà mọ́. "Ẹ pa ẹnu dé," ni yóò wí. "Àsìkò ò dáa." Wọ́n rò pé ìjọba ló ń bẹ̀rù.

Ìyá Onídìrí ló ṣe alárinà. Ó lọ bá ìyá Tíṣà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè. Ìyá Onídìrí padà dé, kò tiẹ̀ jókòó.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Onífọ́tò béèrè.

"Wọ́n fún mi lómi tútù. Wọ́n béèrè àwọn ọmọ mi. Wọ́n ní kí n kí ọ."

"Ọ̀rọ̀ wa ńkọ́?"

"Wọ́n ní rárá."

"Kí ló dé?"

"Wọn ò sọ! Tọkọtaya mẹ́rìnlá ni mo ti bá ṣe alárinà. Mo ti gbọ́ pé ọkùnrin kúrú jù, mo ti gbọ́ pé ó ga jù, wọ́n ti sọ ọ́ sójú mi rí pé imú ọkọ ò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Rárá tí kò nídìí, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí."

Ó tún lọ lẹ́yìn oṣù méjì, ó tún gba rárá. Ìgbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó padà dé, ó ń wo Onífọ́tò tìyanu-tìyanu. "Wọ́n ní kí n bi ọ́ pé ṣé o ní ohun kan tí o fẹ́ sọ."

"Èmi? Mi ò ní nǹkan kan láti sọ."

"Ohun tí mo sọ fún wọn náà nìyẹn."

Tíṣà tù ú nínú. "Ọmọ wọn ló ń jà wọ́n lọ́kàn. Màmá ò lè gba ayọ̀ wọlé nígbà tí àga ẹnì kan ṣófo. Ṣe sùúrù." Onífọ́tò ní òun á ṣe sùúrù, ó sì ń bi ara rẹ̀ bóyá ìyá náà mọ̀. Tó bá mọ̀, kí ló dé tí kò pariwo? Tí kò bá mọ̀, kí ló wá ń dúró de?

Oṣù kọkànlá, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá Tíṣà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ káàsán, Mà," ni Onífọ́tò wí, ó tẹrí ba.

"Káàsán, ọmọ mi." Ó jókòó lórí àpótí oníbàárà, ó mú fọ́tò kékeré kan jáde nínú báàgì. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, nínú yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé, pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán. "Ọgbà ẹ̀wọ̀n méjì ni mo ti dé. Wọ́n ní àwọn ò mọ ọmọ yìí. Wọ́n ní ọmọ ilé ìwé nìyí, àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ni àwọn kó. Ọgbà kẹta ló kù. Ọmọ náà kì í fẹ́ ya fọ́tò, mi ò sì ní èyí tó ní irùngbọ̀n." Ó gbójú sókè. "Ṣé ìwọ ò ní?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni Onífọ́tò nílò láti fi yọ ara rẹ̀. Tó bá ní òun ò ní, àṣírí bò, ìgbéyàwó ṣì lè wáyé lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà á jẹrà mọ́ inú ẹ̀wọ̀n láìní orúkọ, láìní ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tó bá sì fọ fọ́tò yẹn, obìnrin yìí tó ti rí i lọ́wọ́ àwọn tó wá mú ọmọ rẹ̀ á mọ ibi tó ti jáde, á sì gba Tíṣà lọ́wọ́ òun.

"Mo ní," ó wí. "Ẹ dúró, Mà."

Ó gbé agolo sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó ki bébà bọ omi, ojú tó ti ń bẹ̀rù láti oṣù mọ́kànlá yọ lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Kò lè wò ó tán. Ó gbé fọ́tò náà jáde tòun ti omi lára, ó fi lé ìyá náà lọ́wọ́.

Màmá wò ó títí. "Ó pẹ́ o," ó ní.

"Ẹ má bínú, Mà. Omi oògùn yẹn ló máa ń…"

"Kì í ṣe ti òní ni mò ń sọ." Ó gbé fọ́tò náà lé itan, omi ń kán sí aṣọ rẹ̀. "Ọ̀kan nínú àwọn tó wá mú un da fọ́tò yẹn dé sórí tábìlì mi láti fi kọ̀wé. Mo rí òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀. Mi ò sọ fún ọmọ mi, torí nígbà yẹn, àfi tó bá dọ́dọ̀ rẹ kó tó jẹun. Ẹnu rẹ ni mò ń dúró de."

Onífọ́tò di etí tábìlì mú.

"Onífọ́tò ni ọ́," Màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "O ya fọ́tò, o gbé e síta, àwọn ìkà wá, wọ́n fi tipá gbà á. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tó ti dá ara rẹ̀ lóhùn. Onífọ́tò lanu, ọ̀rọ̀ tó jáde ò gùn. "Wọ́n wá, Mà."

"Mo mọ̀. Ta ló lè bá ìbọn jiyàn?"

Kò sẹ́ni tó mú ìbọn wá lọ́jọ́ yẹn. Bírò ni wọ́n mú wá. Ó yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó yẹ, ṣùgbọ́n ìyá náà ti dìde, ó ti gbé ọwọ́ lé e ní èjìká. "Sọ fún alárinà rẹ kó padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, màá gbà."

Ìyá Onídìrí jó láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ti Onífọ́tò, kóòmù ní irun oníbàárà tó fi sílẹ̀. "Ìkẹẹ̀ẹ́dógún!" ló ń kígbe. "Ìkẹẹ̀ẹ́dógún rèé!" Ó lọ, ó gba bẹ́ẹ̀ ni bọ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn èèyàn ń yà kí Onífọ́tò kú oríire, ó ń dáhùn. Wọ́n ti dárí ohun tí kò tóbi jì í. Èyí tó tóbi ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ ni Tíṣà sáré wọlé, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó wà láàyè! Ọgbà kẹta. Wọ́dà kan rí fọ́tò náà, ó ní, 'Ṣebí ẹni tó ń tún rédíò wa ṣe nìyí.' Ọmọ yẹn ń tún rédíò ṣe fún àwọn wọ́dà!" Ó fa àpótí sí iwájú kámẹ́rà, ó jókòó. "Ó yá, yà mí. Tí wọ́n bá gbà wá láyè, fọ́tò ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́. Kó rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín."

Ó gbé orí sókè, ó rẹ́rìn-ín. Oṣù mọ́kànlá ni Onífọ́tò ò ti rí ẹ̀rín yẹn. Ó fi ojú sí kámẹ́rà, ó rí ojú náà, ó sì rí ibi tí ìka yẹn dúró sí lára rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò lè tẹ kámẹ́rà.

"Kí ló dé? Àbí mo ti darúgbó?"

"Wọn ò fi tipá gbà á," ni Onífọ́tò wí.

"Kí ni wọn ò fi tipá gbà?"

Ó sọ ọ́. Ó sọ ti ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ti òǹtẹ̀, ti ìbéèrè mẹ́ta, ti gbogbo ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ wí nípa ilé tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ̀rín kúrò lójú Tíṣà díẹ̀díẹ̀.

"Ojú ta ni ìka rẹ̀ wà?" ó béèrè.

"Ojú rẹ."

"Ṣé o mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́?"

"Mo rò pé oníwèé ìròyìn ni wọ́n."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí o rò. Ṣé o mọ̀?"

Ìbéèrè tí òun fúnra rẹ̀ ti ń sá fún látìgbà náà nìyí. "Nígbà tó béèrè ilé rẹ, nǹkan kan tutù nínú mi," ó ní. "Mi ò mọ̀ ọ́n lórí. Ara mi mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí ìka yẹn kúrò lójú rẹ."

"O wá gbé e lọ sójú àbúrò mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Tíṣà jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún bí ti ẹni tó ń ya fọ́tò. "Èmi ló yẹ kó wà níbẹ̀ nígbà náà," ó ní. "Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ìyẹn ló sì dẹ́rù ba Onífọ́tò jù. Lẹ́yìn náà, ó dìde. "Ó yá. Ẹnu rẹ ni Màmá máa ti gbọ́ ọ."

Wọ́n bá Màmá níbi tó ti ń ká ṣẹ́ẹ̀tì tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ Onífọ́tò lẹ́nu. Ó gbọ́ ọ dópin, ó sì ń tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà palẹ̀ léraléra.

"Tí ẹni yẹn bá fi ìka lé ojú àwọn ọmọ mi méjèèjì níwájú mi," ó wí nígbà tó yá, "tó ní kí n mú ọ̀kan, màá ní kó pa mí. Èmi tí mo bí wọn, mi ò lè yàn. Ìwọ, ta ló ní kí o bá mi yàn?"

Onífọ́tò wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Mo ti dárí fọ́tò jì ọ́. Èyí, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí." Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì náà tán. "Máa lọ sílé, ọmọ mi."

Ọ̀sẹ̀ méje ni Tíṣà ò fi yọjú. Ìyá Onídìrí ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bú Onífọ́tò ní gbogbo òwúrọ̀, ó ní àwọn kan ń fi ọwọ́ ara wọn da omi oríire nù. Onífọ́tò kàn ń fọ fọ́tò rẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, á gbójú sókè. Tó bá di aago méjì tí ilé ìwé ń jáde, kò ní lè ṣiṣẹ́ kankan fún wákàtí kan gbáko.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Ìyá Onídìrí wọlé wẹ́rẹ́, kò bú ẹnikẹ́ni. "Ìyá Tíṣà ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní kí o wá sí ẹnubodè ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá. Wọ́n ti gba èèyàn mẹ́ta nínú ẹbí láyè láti rí ọmọ náà." Ó fi ìdí kóòmù họ orí. "Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kì í ṣe ti ìgbéyàwó. Irú iṣẹ́ alárinà wo wá nìyí?"

Ó bá àwọn méjèèjì lórí bẹ́ńṣì gígùn kan, lábẹ́ ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Màmá dáhùn ìkíni rẹ̀. Tíṣà mi orí. Ó ti rù, Onífọ́tò sì mọ̀ pé òun náà ti rù. Wọ́dà tó jókòó sídìí tábìlì ṣí ìwé ńlá kan.

"Kí lẹ jẹ́ sí i, Mà?"

"Ìyá rẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀," ni Tíṣà wí.

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo jẹ́ sí i?"

Onífọ́tò wá ọ̀rọ̀. Kò jẹ́ pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́. "Èmi…" ó ní.

"Ẹbí nìkan ni o. Ẹni tí kì í ṣe ẹbí, ìta ni."

Màmá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Onífọ́tò ti yíjú sí ọ̀nà àbájáde.

"Àna rẹ̀ ni," ni Tíṣà wí.

Wọ́dà gbójú sókè. "Ṣé ẹ ti ṣègbéyàwó ni?"

"Ìwé yín ò béèrè ìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Wọ́dà kọ ọ́. Onífọ́tò yíjú sí i, omi ti lé ròrò sí i lójú.

"Má wò mí," ni Tíṣà wí jẹ́jẹ́. "Mi ò tíì dárí jì ọ́. Mi ò mọ̀ bóyá màá lè dárí jì ọ́ láyé. Ṣùgbọ́n kò sí ọkùnrin mìíràn tí mo fẹ́ fi orúkọ yẹn pè."

"Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń wọlé," ni wọ́dà wí. "Ìṣẹ́jú márùn-ún, márùn-ún. Ta ló ń kọ́kọ́ lọ?"

Tíṣà wo ìyá rẹ̀. Ìyá tó ti lé ní ọdún kan tí kò fi ojú kan ọmọ rẹ̀ nawọ́ sí Onífọ́tò.

"Màmá!"

"Jẹ́ kó lọ. Tí ọmọ mi bá kọ́kọ́ rí mi, ayọ̀ ò ní jẹ́ kó gbọ́ nǹkan míì mọ́. Kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe é. Lẹ́yìn náà, èmi á wọlé lọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Onífọ́tò dìde.  Wọ́dà ṣí ilẹ̀kùn, ó ní kó rọra tẹrí ba torí pé ilẹ̀kùn náà kúrú. Ó tẹrí ba, ó sì wọlé.